Àlàfo ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní ilé ìwé ìjọba Amẹ́ríkà: ìtọ́sọ́nà fún òbí tó fẹ́ dí i

Ní ọdún 1971, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dán àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá wò nínú ìwé kíkà káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Máàkì 39 ni àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun fi ju àwọn ọmọ adúláwọ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di 1988, àlàfo yẹn ti rọlẹ̀ sí 18. Láàárín àwọn ọdún yẹn ni ilé ìwé àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ń ṣí ilẹ̀kùn wọn fún gbogbo ọmọ nítorí ẹjọ́ Brown tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti dá láti 1954, tó sọ pé kò bófin mu láti ya ọmọ adúláwọ̀ sọ́tọ̀ ní ilé ìwé ìjọba, tí owó ìjọba àpapọ̀ sì ń wọ ilé ìwé àwọn aláìní lábẹ́ òfin 1965. Lẹ́yìn 1988, ẹsẹ̀ tó ń yá tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Nínú ìdánwò ìṣirò kíláàsì kẹjọ ti 2019, 292 ni àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun gbà ní ìpíndọ́gba, 260 ni tiwa.

Mo gbé èyí síwájú nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Houston àti Maryland: "Àwọn akátá ni kò fẹ́ kàwé. Ọmọ tèmi ní ẹ̀kọ́ ilé." Ọpọlọ ẹ̀yà kan kì í yí padà láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún. Ohun tí ilé ìwé ń ṣe ló yí padà. Ìwé orúkọ tó wà lọ́wọ́ tíṣà kò sì ya Adébáyọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára Jamal: Black ni wọ́n kọ síwájú àwọn méjèèjì, ibi tí wọ́n bá sì ti ń dá ọ̀kan dúró náà ni wọ́n ti máa dá èkejì dúró.

Àwọn ibì kan pàtó wà nínú ilé ìwé tí àlàfo yìí ti ń bẹ̀rẹ̀: ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, ibi tí wọ́n ti ń yan ẹni tó máa wọ kíláàsì tó ga, ibi tí wọ́n ti ń pinnu ẹni tí wọ́n máa lé lọ sílé. Kí òbí ti dúró síbẹ̀ kí ọmọ tó débẹ̀ ni gbogbo ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí wà fún.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ibi tí ọmọ yín wà gan-an

Káàdì èsì tí ọmọ ń mú bọ̀ wálé kò tó. Ní Nàìjíríà, ipò la fi ń mọ̀: ó gba ipò kẹta nínú ọmọ ogójì, ọ̀rọ̀ ti parí. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba níbí kì í fún ọmọ ní ipò, A tàbí B tí tíṣà kọ sì lè jẹ́ ti ìwà jẹ́jẹ́ àti iṣẹ́ àṣetiléwá tó dé lásìkò. Ọmọ lè máa gbé B wálé fún ọdún mẹ́ta, kó má sì lè ka ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà.

Ẹ wá èsì ìdánwò ìpínlẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Bush fọwọ́ sí ní January 2002, àti èyí tí Obama fi rọ́pò rẹ̀ ní December 2015, pàṣẹ pé kí wọ́n dán ọmọ wò nínú ìwé kíkà àti ìṣirò lọ́dọọdún láti kíláàsì kẹta dé ìkẹjọ, àti lẹ́ẹ̀kan ní high school. Ojú òpó tí ilé ìwé fi ń bá òbí sọ̀rọ̀ ni ẹ ti máa rí ti ọmọ yín. Òfin kan náà ló ní kí wọ́n gbé èsì ilé ìwé kọ̀ọ̀kan síta fún gbogbo ayé, kí wọ́n sì pín in ní ẹ̀yà-ẹ̀yà. Ẹ wo ti àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní ilé ìwé yín, kí ẹ fi wé ti àwọn tó kù, kódà bó jẹ́ pé àdúgbò olówó lẹ wà. Ìpíndọ́gba tó dára lè bo ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá lọ bá tíṣà, ẹ má ṣe bèèrè pé "Ṣé ó ń ṣe dáadáa?" Wọ́n á ní ọmọ dáadáa ni, inú àwọn dùn pé ó wà ní kíláàsì àwọn. Ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín, ẹ á sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹ bèèrè pé: Ìwé kíkà rẹ̀ bá ti kíláàsì mélòó dọ́gba lónìí, ìdánwò wo lẹ sì fi mọ̀? Kí ni kò tíì lè ṣe tó yẹ kó ti lè ṣe? Kí lẹ máa ṣe sí i, ìgbà wo la sì tún máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ máa kọ ìdáhùn sílẹ̀ lójú wọn. Bí wọ́n bá ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la, ẹ kọ̀wé béèrè láti rí gbogbo fáìlì ọmọ náà. Òfin FERPA ti 1974 fún òbí lẹ́tọ̀ọ́ sí i, wọn kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọjá ọjọ́ 45.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìwé kíkà, kí ọmọ tó kúrò ní kíláàsì kẹta

Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni agbára yín gbé, ibí ni kí ẹ lò ó sí. Láti kíláàsì kẹrin lọ, inú ìwé ni gbogbo ẹ̀kọ́ wà, títí kan ìṣirò.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ìwé púpọ̀ ní Amẹ́ríkà ń kọ́ ọmọ pé bó bá pàdé ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀, kó wo àwòrán, kó méfò. Ọmọ tí òbí rẹ̀ lówó láti gba olùkọ́ sílé yọ nínú rẹ̀, àwọn tó kù ló jìyà ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwa tí wọ́n fi a, b, d kọ́ mọ̀ pé ìró la fi ń kàwé: b àti a, ba, gb àti e, gbe. Gẹ̀ẹ́sì le ju tiwa lọ nítorí pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kò fi gbogbo ìgbà tẹ̀lé bí wọ́n ṣe ń pè é, síbẹ̀ orí ìró náà ló dúró lé.

Ẹ wo Mississippi, ìpínlẹ̀ tí wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí nǹkan bí ìdajì ọmọ ilé ìwé ìjọba rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀. Ní 2013, ipò 49 ló wà nínú ìwé kíkà kíláàsì kẹrin. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣe òfin tuntun: kí wọ́n kọ́ àwọn tíṣà bí a ṣe ń fi ìró kọ́ ọmọ, kí wọ́n rán àwọn olùkọ́ àgbà lọ dúró ti tíṣà ní ilé ìwé tí èsì rẹ̀ kò dára, kí wọ́n máa yẹ ọmọ wò láti jẹ́léósinmi, kí ọmọ tí kò bá tíì mọ̀wé kà má sì ṣe ré kọjá kíláàsì kẹta bẹ́ẹ̀ lásán. Ní 2024, ipò 9 ni wọ́n wà. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ wọn ń kàwé ju ẹgbẹ́ wọn lọ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tó lówó jù wọ́n lọ fíìfíì. Àwọn kan ń jiyàn pé dídá tí wọ́n ń dá ọmọ dúró ní kíláàsì kẹta ló gbé èsì náà ga. Ó lè lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò rí bí ọmọ ṣe fẹ́ tún kíláàsì kan náà ṣe kó sì mọ̀wé kà, bí wọn kò bá yí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ padà.

Ẹ lè dán ọmọ yín wò nílé lálẹ́ òní. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí kò sí láyé sórí bébà: blit, shap, trome. Ọmọ tó ń parí kíláàsì kìíní yẹ kó lè pe méjì àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní ìkejì yẹ kó pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá ń wo ojú yín, tó ń wá àwòrán, tàbí tó pe ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́, wọn kò tíì kọ́ ọ débẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ bèèrè iṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ìró lẹ́tà lójúmọ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún ọmọ yín. Ní ti ilé, ogún iṣẹ́jú lálẹ́ tó: ìró díẹ̀, lẹ́yìn náà ìwé ìtàn. Ọ̀fẹ́ ni káàdì ilé ìkàwé ìlú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí èyí pa Yorùbá tì nílé. Ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ Ìjàpá, tó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀, etí rẹ̀ ti mú fún ìró kó tó débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Fọ́ọ̀mù èdè ilé

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀, wọ́n á bèèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé. Bí ẹ bá kọ Yorùbá, wọ́n á dán Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà wò. Torí èyí ni àwọn kan ṣe ń purọ́ síbẹ̀. Ẹ kọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ ṣáájú pé ìdánwò ni, pé kó la ẹnu sọ̀rọ̀. Ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tó kàn ń tijú àlejò, ni wọ́n máa ń sọ pé kò gbọ́.

Bí wọ́n bá fi í sí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ọdún ilé ìwé bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè kọ kíláàsì náà, àmọ́ á ṣì máa ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́dọọdún títí tó fi máa yege. Ẹ bèèrè ohun tí àwọn tó kù ń kọ́ lásìkò tí wọ́n bá mú un jáde. Bó bá jẹ́ ìṣirò ni, ẹ ní kí wọ́n yí àkókò padà.

Ọmọ tó ń tilẹ̀ wa bọ̀, ẹ kó gbogbo èsì rẹ̀ dání, torí ilé ìwé tí kò bá rí ìwé kankan lè dá a padà sí kíláàsì tó ti kọjá. Ní ti ìwé ìgbélùú, ẹjọ́ Plyler ti 1982, tó wá láti Texas, ti sọ pé ilé ìwé ìjọba kò lè torí rẹ̀ lé ọmọ kankan padà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ilẹ̀kùn kíláàsì tó ga

Ibí ni mo ti rí i pé oorun àwa òbí wúwo jù.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, tíṣà tàbí òbí ló ń dárúkọ ọmọ tí wọ́n máa yẹ̀ wò fún ètò gifted, ìyẹn ẹ̀kọ́ àkànṣe fún àwọn ọmọ tí orí wọn pé gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni Broward County ní Florida ṣe ń ṣe títí di nǹkan bí 2005, tí wọ́n fi pinnu pé gbogbo ọmọ kíláàsì kejì làwọn máa yẹ̀ wò. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, David Card àti Laura Giuliano, tọpasẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀. Iye ọmọ adúláwọ̀ àti ọmọ Hispanic tó wọlé lọ sókè gidigidi, láìjẹ́ pé wọ́n dín òṣùwọ̀n kù fún wọn. Àwọn ọmọ náà ti wà nínú kíláàsì tipẹ́, kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn ni. Nígbà tí owó wọ́n wọn, tí wọ́n dá àyẹ̀wò gbogboogbò náà dúró, nǹkan tún padà sí bó ṣe wà.

Ti ìṣirò tún lágbára ju gifted lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe calculus ní kíláàsì kejìlá sábà máa ń ti ṣe algebra ní ìkẹjọ, ẹni tó sì máa ṣe algebra ní ìkẹjọ, wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ láti ìparí ìkarùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ni wọ́n ti ń pín sójú ọ̀nà ẹnjiníà tàbí ọ̀nà mìíràn, nígbà tí ẹ̀yin rò pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ní 2023, Texas ṣe òfin pé ọmọ tó bá wà nínú ìdá 40 àkọ́kọ́ nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìṣirò kíláàsì karùn-ún gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì ìṣirò tó ga ní ìkẹfà, àfi bí òbí bá kọ̀. Bó bá jẹ́ Texas lẹ wà, tí wọn kò fi ọmọ yín tó kún ojú òṣùwọ̀n síbẹ̀, ẹ dá òfin náà lórúkọ: Senate Bill 2124. North Carolina ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 2018 fún àwọn tó gba ipele tó ga jù lọ.

Níbi tí kò bá sí irú òfin yìí, ẹ̀yin fúnra yín ni òfin. Kí December tó parí, ẹ kọ ímeèlì sí counselor (olùdámọ̀ràn ilé ìwé): ìgbà wo ni wọ́n ń yan kíláàsì ọdún tó ń bọ̀, kí ni wọ́n fi ń yàn, ta ló ń pinnu, ibo lèèyàn lè pẹjọ́ sí? Ẹ so èsì ìdánwò mọ́ ọn. Ẹ má kọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé "kí lẹ rò?" Ẹ kọ ọ́ pé: mo fẹ́ kí ẹ yẹ ọmọ mi wò fún kíláàsì yìí. Bí wọ́n bá ní ó máa le fún un, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, kí olùkọ́ sì máa ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ̀, kó fi ìwé kọ̀. Mo ti rí "rárá" tí wọ́n sọ lẹ́nu tó di "bẹ́ẹ̀ ni" nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe pé kí ẹ fi tipátipá ti ọmọ tí kò tíì mọ ìpín-ìdá (fraction) síwájú algebra o. Ẹ tún ìpìlẹ̀ yẹn ṣe ná. Àwọn kíláàsì AP ní high school, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìpele kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀nà kan náà ni ẹ máa gbà béèrè wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ẹ̀kọ́ kò bá wọlé

Kòtò méjì ló wà níbí. Wọ́n lè pe ọmọ tí kò ríran dé iwájú kíláàsì ní oníwàhálà, wọ́n sì lè fi ọmọ tí dyslexia (ìṣòro tó ń mú kí ìwé kíkà le fún ọmọ) ń dà láàmú sílẹ̀ pé ọ̀lẹ ni. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé tí ọjọ́ wà lórí rẹ̀ pé ẹ fẹ́ kí ilé ìwé ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ lábẹ́ IDEA, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní àìlera. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ọjọ́ 60 ni wọ́n ní, àyàfi bí ìpínlẹ̀ yín bá ní gbèdéke tirẹ̀. Kọ́bọ̀ ẹ kò ní san. Bí àyẹ̀wò wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè ní kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ṣe òmíràn lórí owó ìjọba. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ bí ẹ bá nílò rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ sí IEP, ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe fún ọmọ náà nìkan, lórí ìjókòó, ẹ gbé e lọ sílé kà.

Ẹ sì jẹ́ ká fi ti ará ilé tó máa gbọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ IEP sí iwájú orí ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nígbà tí fóònù bá dún láti ọ́fíìsì

Ní ọdún ilé ìwé 2017–18, nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ilé ìwé ìjọba ló jẹ́ adúláwọ̀. Nínú àwọn tí wọ́n lé lọ sílé fún ìgbà díẹ̀, nǹkan bí 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ní ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké tí kò tíì wọ jẹ́léósinmi pàápàá, wọ́n jẹ́ nǹkan bí 18 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, àti 43 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n lé. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Ẹ̀kọ́ ọjọ́ tí ọmọ bá fi jókòó sílé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi lọ.

Nígbà tí wọ́n bá pè, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu ni "Ẹ má bínú, màá nà án dáadáa." Ẹ gbé e mì. Ẹ ti dá ọmọ lẹ́bi kí ẹ tó gbọ́ ẹjọ́, ẹ sì ti sọ ọ̀rọ̀ tó lè gbé àjọ tó ń dáàbò bo ọmọdé wá sẹ́nu ilẹ̀kùn yín. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló rí i? Òfin ilé ìwé wo ló rú? Kí lẹ ṣe fún ọmọ kejì tí wọ́n jọ jà? Àwọn ìbéèrè yẹn ni kí ẹ bèèrè. Nínú ẹjọ́ Goss v. Lopez ti 1975, tó ti Columbus ní Ohio wá, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ pé kí wọ́n tó lé ọmọ fún ọjọ́ mẹ́wàá tàbí kó dín, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé rẹ̀. Ẹ béèrè iṣẹ́ tó máa ṣe nílé. Bí ọmọ náà bá ní IEP, tí ọjọ́ tí wọ́n fi lé e bá ju mẹ́wàá lọ lọ́dún, ìpàdé gbọ́dọ̀ wáyé láti mọ̀ bóyá àìlera rẹ̀ ló fà á.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ tiwa nìkan. A kọ́ ọmọ wa pé kó má wo ojú àgbà bí wọ́n bá ń bá a wí. Tíṣà Amẹ́ríkà rò pé ọmọ tó wolẹ̀ ń purọ́ tàbí ó ń fojú di òun. Ẹ ṣàlàyé èyí fún tíṣà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí.

Ẹ máa kọ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè sínú ìwé kan. Bó bá hàn pé àwọ̀ ló fà á, ẹ lè fi ẹjọ́ sun ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ aráàlú ti Ẹ̀ka Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ láàárín ọjọ́ 180. Wọ́n ti ọ̀pọ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀ pa ní March 2025, nítorí náà ẹ fi ẹjọ́ kan náà sun ti ìpínlẹ̀ yín.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ̀kọ́ àfikún

Ní Chicago, ètò Saga fi olùkọ́ kan ti ọmọ méjì, lójoojúmọ́, láàárín àsìkò ilé ìwé. Àwọn olùwádìí University of Chicago rí i pé ìṣirò àwọn ọmọ náà gbòòrò gan-an, bẹ́ẹ̀ ọmọ high school ni wọ́n, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé ó ti pẹ́ jù. Ẹ fi èyí wọn lẹ́sìnnì Saturday ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín. Olùkọ́ kan náà, ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, yẹn ni ẹ̀kọ́. Ogójì ọmọ nínú gbọ̀ngàn lábẹ́ ọwọ́ uncle kan, ẹni tó ń bá wa ṣọ́ ọmọ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń pín owó

Gbogbo èyí tí mo ti kọ lè gba ọmọ yín là, kí àlàfo sì wà níbi tó wà fún ọmọ aládùúgbò. Ní 2019, àjọ EdBuild ṣírò pé owó tí àwọn school district (ẹkùn tó ń darí ilé ìwé àdúgbò) tí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn kì í ṣe aláwọ̀ funfun ń gbà lọ́dún fi bílíọ̀nù 23 dọ́là kéré sí ti àwọn tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun, bẹ́ẹ̀ iye ọmọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Inú owó orí ilé àti ilẹ̀ ni apá ńlá nínú owó ilé ìwé ti ń wá. Ní 1973, nínú ẹjọ́ Rodriguez ti San Antonio, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ kọ̀ láti sọ pé èyí lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. Ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ àti school board, ìgbìmọ̀ tó ń darí school district, lọ̀rọ̀ wá kù sí.

Lọ́pọ̀ ibi, ìbò ni wọ́n fi ń yan school board, ìwọ̀nba èèyàn ló sì ń dì í. Ní ibi tó pọ̀ jù lọ, ẹni tí kò tíì gba ìwé ọmọ onílùú kò lè dìbò, ṣùgbọ́n ó lè sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wọn. Mẹ́ta ni èmi máa béèrè. Kí wọ́n yẹ gbogbo ọmọ wò fún gifted. Kí wọ́n gbé iye ọmọ tí wọ́n ń lé síta, ilé ìwé sí ilé ìwé, ẹ̀yà sí ẹ̀yà. Kí wọ́n gba tíṣà adúláwọ̀ sí i. Lẹ́yìn ẹjọ́ Brown, tíṣà àti ọ̀gá ilé ìwé adúláwọ̀ tó lé ní 38,000 ló pàdánù iṣẹ́ ní Gúúsù, nígbà tí wọ́n da àwọn ilé ìwé pọ̀ tí wọ́n sì ti tiwọn pa. Ìwádìí Seth Gershenson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọmọ adúláwọ̀ tó bá ní tíṣà adúláwọ̀ kan, ó kéré tán, kó tó parí kíláàsì kẹta, fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ṣeé ṣe kó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ju ẹni tí kò ní. Mo mọ ọ̀pọ̀ nínú wa tó ní NCE tàbí B.Ed. tí wọ́n ń tọ́jú arúgbó lóru. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní ọ̀nà àbùjá fún ẹni tó ti ní dìgírí láti di tíṣà. Ẹ wádìí ti ìpínlẹ̀ yín.

Bí ilé ìwé yín bá ń gba owó Title I, ìyẹn owó ìjọba àpapọ̀ fún ilé ìwé àwọn aláìní, wọ́n gbọ́dọ̀ pe òbí sí ìpàdé lórí rẹ̀ lọ́dọọdún. School district tó bá gbà ju 500,000 dọ́là lọ gbọ́dọ̀ ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ òbí. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi tiyín ṣe.

Ẹ má dá lọ. Àwọn agbẹjọ́rò NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀, ló gbé ẹjọ́ Brown lọ sílé ẹjọ́, ẹgbẹ́ náà sì ní ẹ̀ka ní ọ̀pọ̀ ìlú. Àwọn tí a ń pè ní akátá yìí mọ ẹni tó ń jókòó sórí àga wo ní school board, wọ́n sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí a tó wọkọ̀ òfuurufú. Ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n sábà ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti sọ̀rọ̀, ẹ sì ní láti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ pín in: ẹnì kan sọ iye, ẹnì kan sọ ohun tí ojú ọmọ rẹ̀ rí, ẹni kẹta béèrè ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ohun tí ẹ sọ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn ní ímeèlì, kí ẹ sì bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa fún yín lésì.